Bí ẹ ṣe lè gbádùn White Mountains láti ilé àlejò kan: oṣù tó yẹ kẹ́ ẹ lọ, àti ohun tí ẹ ó ṣe níbẹ̀

Oṣù kẹrin ni mo kọ́kọ́ gba yàrá sí ilé àlejò kan lókè New Hampshire, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òkè White Mountains wà. Owó yàrá náà wálẹ̀ débi pé mo rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. Èmi àti ìyàwó mi gbéra láti Boston, a gba ọ̀nà márosẹ̀ I-93, wákàtí méjì àti díẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, igi ò ní ewé kan lórí, yìnyín etí ọ̀nà ti dọ̀tí, Flume, ọ̀nà omi tó há sáàárín àpáta méjì, tí a torí ẹ̀ wá, ṣì wà ní títì, ẹni tó ń dáná nílé àlejò náà sì ti gba ìsinmi lọ. Lọ́jọ́ kejì mo yà sí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan, táyà méjèèjì ìwájú rì sínú ẹrẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló fi katakata fà wá jáde. Ó bi mí pé ta ló ní ká wá lásìkò ẹrẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àsìkò kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà a ti padà lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú

Púpọ̀ nínú wa, ìgbà tí ọ̀gá bá fún wa láàyè la máa ń wò, ká tó wá ibi tí a ó lọ. Ẹ yí i padà. White Mountains kì í ṣe Olúmọ tí ẹ lè gùn ní oṣù kìíní, kẹ́ ẹ tún gùn ní oṣù kẹjọ, tí ẹ ó sì bá òkè kan náà. Oṣù tí ẹ bá lọ ni yóò sọ irú ibi tí ẹ lọ.

Bí ọdún ṣe ń yí níbẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹta, wọ́n ń gba omi lára igi maple, èyí tí wọ́n ń sè di sírọ́ọ̀pù dídùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di nǹkan bí ìlàjì oṣù karùn-ún, ẹrẹ̀ ni: oòrùn ti yọ́ yìnyín orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ṣì dì gbagidi, omi ò ríbi gbà wọlẹ̀, gbogbo ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ á sì di ẹ̀kọ. Ẹ fi oṣù yẹn sílẹ̀ fún àwọn onílùú. Láti nǹkan bí ìlàjì oṣù karùn-ún sí ìlàjì oṣù kẹfà, ewé ti yọ, omi pọ̀ nínú odò, àmọ́ àwọn kòkòrò dúdú kan wà tí ẹ ó gbọ́ nípa wọn láìpẹ́. Òdòdó lupine máa ń yọ ní oṣù kẹfà. Oṣù keje àti ìkẹjọ jẹ́ ti omi àti ti orí òkè. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án sí nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, ewé ń pọ́n. Oṣù kọkànlá ò ní adùn kan, àwọn ọdẹ tó ń lé àgbọ̀nrín ló ni igbó nígbà náà. Bí ẹ bá sì máa rìn nínú igbó rárá, ẹ wọ aṣọ pupa rúsúrúsú tó ń tàn yòò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì yín mú fún ẹran. Láti ìparí oṣù kejìlá títí wọ oṣù kẹta, yìnyín ló ń jọba.

Ẹ mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. Bí ẹ bá ti lọ rí, oṣù kẹta. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ìhà òkè tí ẹ ó sùn sí

Òkè yìí ní ìhà méjì. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni Lincoln, Franconia, Sugar Hill àti Bethlehem wà, ọ̀nà I-93 sì gba àárín wọn. Ìhà ìlà oòrùn ni North Conway àti Jackson wà. Ọ̀nà méjì ló so ìhà méjèèjì pọ̀: 112, tí gbogbo ayé ń pè ní Kancamagus, ní gúúsù, àti 302, tó gba Bretton Woods àti Crawford Notch kọjá, lókè. Igbó tó yí gbogbo rẹ̀ ká jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, láti 1918 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ó sì sún mọ́ 800,000 éékà.

Bí ẹ bá kó ọmọdé lọ, ìlà oòrùn ló dáa jù fún yín. Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà ní North Conway, ibi ìṣeré Story Land sì wà ní Glen, láti 1954 ni wọ́n ti ṣí i. Ṣùgbọ́n North Conway kún fún ṣọ́ọ̀bù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò á mú yín níbẹ̀ bíi ti Ọ̀jọ̀ta. Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń wá, ẹ sùn sí Franconia tàbí Sugar Hill.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pe ilé àlejò náà lórí fóònù, ẹ má fi orí ayélujára nìkan mọ

Àwọn ilé àlejò tí mò ń sọ kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ilé onígi àtijọ́ ni, yàrá mẹ́wàá tàbí ogún, àga tí ń mì síwájú sẹ́yìn lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ lórí tábìlì tí àlejò mìíràn lè bá yín jókòó sí. Tọkọtaya tó ni ín ló sábà máa ń gbé ibẹ̀. Nítorí náà ẹ pè wọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń dáná ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wá (ìyẹn ni mi ò bèèrè lọ́jọ́sí). Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba ọmọdé, nítorí àwọn kan kì í gbà wọ́n. Bí bàbá tàbí màmá bá ń bá yín bọ̀, ẹ tọrọ yàrá ìsàlẹ̀: àkàsọ̀ ilé wọ̀nyí dúró ṣánṣán, kì í sì í sábà sí ẹ̀rọ agbéni-gòkè. Ní oṣù keje, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú yàrá. Ní àsìkò ewé, ọ̀pọ̀ wọn kì í ta yàrá fún òru kan ṣoṣo, òru méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè máà dá owó padà bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́.

Nípa owó: New Hampshire kì í gba owó orí lórí ọjà, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Massachusetts fi ń sá lọ ra tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí yàrá àti oúnjẹ tí wọ́n sè, wọ́n ń gba 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi kún un kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín. Ògiri ilé onígi kò ní àṣírí, ẹ má wá máa bá àbúrò yín tó wà ní Lẹ́kí sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́. Èkejì, ẹ má gbé sítóòfù kékeré pamọ́ sínú báàgì láti fi din ata nínú yàrá. Aago iná á dún, gbogbo ilé á jáde síta nínú òtútù, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á sì máa wò. Ata gígún nínú ìgò kékeré lẹ ó mú dání. Oúnjẹ ibẹ̀ dáa, ẹnu nìkan ni kò tà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bó bá jẹ́ ewé lẹ wá wò

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọjọ́ rẹ̀ fi ń yẹ̀. Nílé, ewé ń wọ́ nígbà ọyẹ́, àmọ́ ńṣe ló ń gbẹ, tí yóò sì bọ́. Lókè ibi, bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú tí òru sì ń tutù, igi á dáwọ́ ṣíṣe ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ dúró. Àwọ̀ yẹ́lò tó ti wà nínú ewé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá hàn síta. Àwọ̀ pupa yàtọ̀: igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é nígbà náà ni, láti inú ṣúgà tó há sínú ewé. Ọ̀sán tí oòrùn ràn, tí òru rẹ̀ sì tutù láìdì, ló ń mú pupa jáde jù. Igi maple ló ń pọ́n, igi birch ló ń ṣe yẹ́lò. Orí òkè ló ń kọ́kọ́ yí padà, àfonífojì á tẹ̀lé e. Nítorí náà bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yá jù, ẹ gòkè.

Nígbà tí màmá mi wá bẹ̀ wá láti Ìbàdàn, mo gbé wọn lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n fi ìborùn wọn wé ọrùn, wọ́n wo òkè náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló tiná bọ igbó yìí?" Mo ní kò sẹ́ni tó tiná bọ̀ ọ́, Màmá, wọ́n á rúwé padà ní oṣù karùn-ún. Wọ́n ní kí n má parọ́ fún àwọn.

Kancamagus ni ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Olóyè àwọn Pennacook, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Máìlì 34.5 ni, láti Lincoln dé Conway, kò sí ilé epo kankan lórí rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì fóònù náà á sì lọ. Ẹ rọ epo kún, ẹ ti gba máàpù sórí fóònù yín sílẹ̀, ẹ ra omi àti búrẹ́dì. Ẹ gbéra kí aago méje ààbọ̀ àárọ̀ tó lù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ti ẹ̀gbẹ́ Conway wọlé ní àárọ̀, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín, kí ó máa tàn sára òkè iwájú.

Ẹ kò ní lè dúró níbi gbogbo. Afárá oníòrùlé ti Albany ló kọ́kọ́ máa bọ́ sí yín lójú, 1858 ni wọ́n kọ́ ọ; òrùlé yẹn kì í ṣe fún ẹwà, ńṣe ni wọ́n fi ń gba òjò àti yìnyín kúrò lára igi afárá kó má baà jẹrà. Lower Falls wà níwájú díẹ̀, lẹ́yìn náà Rocky Gorge, níbi tí odò Swift ti há sáàárín àpáta méjì. Wọ́n ò gbà kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ ní Rocky Gorge, ẹ má dán an wò. Sabbaday Falls ni mo fẹ́ràn jù: ìrìn kékeré tí màmá mi rìn láìsinmi, omi náà sì ń já bọ́ ní ìpele-ìpele. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó gun Kancamagus Pass, ẹsẹ̀ bàtà 2,855 sókè, kẹ́ ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lincoln. Owó ìgbọ́kọ̀sí láwọn ibi tí wọ́n ti ń gbà á jẹ́ 5 dọ́là lóòjọ́, ẹyọ kan yóò sì ṣiṣẹ́ níbi gbogbo lọ́jọ́ náà. Ẹ mú owó ẹyọ ẹyọ dání.

Ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ ni òpin ọ̀sẹ̀ tó sún mọ́ ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹwàá. Ìsinmi ìjọba ni. Ọkọ̀ á tò láti Lincoln débi tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀, ẹ ó wo ewé láti inú gíláàsì ọkọ̀ tó dúró. Ẹ lọ láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Yàrá ní oṣù náà, ẹ ti gbà á kí ìgbà òtútù tó kọjá.

Ọ̀nà kejì tó dáa, tí kò sì gbowó, ni Artist's Bluff ní Franconia Notch. Kò ju máìlì kan ààbọ̀ lọ ní àlọbọ̀, òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ wọ bàtà tó ṣe déédéé. Láti orí rẹ̀ ẹ ó máa wo adágún Echo Lake nísàlẹ̀ àti ọ̀nà tó wọ àárín òkè méjì lọ.

Nítòsí ibẹ̀, ní etí Profile Lake, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àpáta kan wà lókè tó dà bí ojú bàbá arúgbó. Ojú yẹn wà lórí nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà, ó wà lórí owó ẹyọ 25 sẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún New Hampshire ní 2000. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2003, ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì rí i pé ó ti já. Ẹ rò ó wò pé Ẹ̀gbá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí Olúmọ ò sí níbẹ̀ mọ́. Báyìí, wọ́n ri àwọn irin kan mọ́lẹ̀ létí omi. Bí ẹ bá dúró síbi tó yẹ gíga yín, tí ẹ sì fi ojú kan wo orí irin náà, ojú bàbá náà á padà sára òkè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bó bá jẹ́ ìgbà ooru

Àwọn kòkòrò tí mo ṣèlérí rèé. Wọ́n kéré, wọ́n dúdú, bíi amùkùrù tiwa, inú omi tó ń ṣàn ni wọ́n ti ń pa. Wọn kì í ta ẹ̀dá lára, ńṣe ni wọ́n ń gé ara kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìbátan kòkòrò tó ń gbé ìnárun kiri nílé ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti New Hampshire ò ní àrùn yẹn. Yíyún nìkan ni tiwọn, yíyún náà sì tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn etí àti ìpìlẹ̀ irun ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ rí lupine ní Sugar Hill ní oṣù kẹfà, tí pápá á kún fún àlùkò àti osùn, ẹ wé gèlè tàbí kẹ́ ẹ dé fìlà abetí ajá dáadáa, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí kò dúdú. Ẹbí ẹ̀wà ni lupine, ó máa ń so pódi bíi tirẹ̀, àmọ́ májèlé wà nínú èso rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Eégbọn tún wà nínú koríko gíga, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé àrùn Lyme. Ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ara yín wò lálẹ́, pàápàá abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún.

Flume Gorge ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, orí ayélujára ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wákàtí tí ẹ ó wọlé, kẹ́ ẹ má baà dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n ní kò sáàyè. Ìyá arúgbó ẹni ọdún 93 kan ló kọ́kọ́ kan ibẹ̀ ní 1808, ẹja ló ń wá. Àpáta méjì ló dúró lọ́tùn-ún lósì, 70 sí 90 ẹsẹ̀ bàtà ní gíga, àárín wọn ò sì ju 12 sí 20 lọ. Ẹ ó máa rìn lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta, omi á máa sáré nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Gbogbo ìrìn náà tó máìlì méjì, àtẹ̀gùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó dè yín ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn Flume, Mount Washington. Ẹsẹ̀ bàtà 6,288 ni gíga rẹ̀, òun ló ga jù ní gbogbo àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti dé orí rẹ̀. Ẹ lè fẹsẹ̀ gùn ún, mi ò sì gbà yín níyànjú bí ẹ kò bá tíì gun òkè mìíràn níbẹ̀. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé eyín mọ́ eyín gòkè láti apá Bretton Woods. 1869 ni wọ́n ṣe é, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó gun òkè ní gbogbo ayé. Ó tó wákàtí mẹ́ta àlọbọ̀, owó rẹ̀ ò kéré. Tàbí kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ yín gba Auto Road, tí wọ́n ṣí ní 1861. Máìlì 7.6 ni, kò sí irin ìdènà létí ọ̀nà níbi púpọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, jíà ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí. Mo rí àwọn tí bíréèkì wọn ń rú èéfín. Ìyàwó mi di ojú láti ìdajì ọ̀nà. Bí ẹ̀rù gíga bá ń ba awakọ̀ yín, ẹ san owó ọkọ̀ wọn kí ẹlòmíràn wà yín lọ.

Ẹ má tàn ara yín nípa ojú ọjọ́ orí òkè yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1934, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ tó ń sáré máìlì 231 ní wákàtí kan. Kò sóṣù tí yìnyín ò tíì bọ́ lórí rẹ̀ rí, oṣù keje náà wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ti kú sórí rẹ̀ àti sórí àwọn òkè tó yí i ká ju 150 lọ. Ẹ gbé kóòtù dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń pa yín nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo àsọtẹ́lẹ̀ ti orí òkè gan-an, kì í ṣe ti ìlú.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti ibi ọkọ̀ ojú irin náà, ẹ ó rí hòtẹ́ẹ̀lì funfun gbàgàdà kan tí òrùlé rẹ̀ pupa. 1902 ni wọ́n ṣí i. Inú rẹ̀ ni aṣojú orílẹ̀-èdè 44 ti jókòó ní oṣù keje 1944, tí wọ́n sì dá IMF àti Báńkì Àgbáyé sílẹ̀. Nàìjíríà ò sí lára wọn, abẹ́ òyìnbó la ṣì wà. Mo dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo mu kọfí olówó gọbọi kan, mo ní ẹ̀yin lẹ kó SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé yẹn, bá wa ní 1986.

Ní orí 302, lẹ́yìn Bretton Woods, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Willey House. Ilé àlejò ni tẹ́lẹ̀. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1826, òjò ńlá rọ̀, òkè ẹ̀yìn ilé náà ya lulẹ̀. Ìdílé náà sá jáde. Àpáta kan tó wà lókè ilé pín ẹrẹ̀ náà sí méjì, ó gba ọ̀tún àti òsì kọjá, kò fọwọ́ kan ilé. Gbogbo ẹni mẹ́sàn-án tó sá jáde ló kú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bó bá jẹ́ yìnyín

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ṣe skì, ìyẹn ni kéèyàn so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ kó sì máa yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọjọ́ kan ṣe é láìgba olùkọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé igi abíyá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ san owó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní ní Bretton Woods tàbí ní Cranmore tó wà ní North Conway. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yá bàtà yìnyín, ohun fífẹ̀ bíi pákó tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ kó má baà rì. Ẹni tó bá ti lè rìn lè lò ó. Fún ọmọdé, ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó sínú táyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń yọ̀ sílẹ̀ láti orí òkè ní Cranmore. Ẹ kò ní rójú wọn fún wákàtí méjì. Ní North Woodstock, wọ́n máa ń fi omi dídì kọ́ ààfin kan tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn nínú rẹ̀. Òtútù ló ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n á ṣí i, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kéde.

Aṣọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má wọ òwú sára: tí òógùn bá mú un, kò ní gbẹ, ara yín á sì máa tutù sí i. Ẹ wọ èyí tó tinrín tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ wọ ti irun àgùntàn lé e, ẹ wá fi èyí tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá bò ó. Ìbọ̀wọ́ tí kò pín ìka níyà ló móoru jù. Ní oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀; ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe níta, ẹ parí rẹ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. Bí táyà ọkọ̀ yín kì í bá ṣe ti yìnyín, ẹ yá ọkọ̀ tó ní in.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má wakọ̀ lálẹ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un

Nítorí moose ni, ẹranko igbó ńlá kan tó jẹ́ ìbátan àgbọ̀nrín. Ó ga ju ẹṣin lọ, ìwo akọ rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ ẹlẹ́ja, irun rẹ̀ sì dúdú débi pé ẹ kò ní rí i lójú títì. Ojú rẹ̀ ga ju ibi tí iná ọkọ̀ ń tàn dé, kò ní tàn padà sí yín bíi ti àgbọ̀nrín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, nítorí náà bí ọkọ̀ bá gbá a, gbogbo ara rẹ̀ ló ń wó lu gíláàsì iwájú. Ẹ dín eré kù láti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ bíi mẹ́ta tó dúró létí ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ moose ni wọ́n ń wò. Ẹ wò ó láti inú ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Oṣù kẹta, ilé ṣúgà

Mo fi èyí tí mo fẹ́ràn jù sẹ́yìn. Bí adẹ́mu ṣe ń dá ọ̀pẹ kí ẹmu lè sun sínú kèrègbè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lu ihò kékeré sára igi maple. Àmọ́ ọ̀pẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Maple ń dúró de ojú ọjọ́: òru gbọ́dọ̀ tutù débi tí omi ń dì, ọ̀sán gbọ́dọ̀ yọ́ dé bíi 4 tàbí 5°C, ìyípadà yẹn ló ń ti omi jáde nínú igi. Bí òru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru tí igi sì fẹ́ rúwé, adùn rẹ̀ á bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ.

Ẹ wá ilé tí ooru funfun ń tú jáde lórí òrùlé rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nínú oṣù náà, àwọn ilé ṣúgà káàkiri ìpínlẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ni ilé àlejò yín á mọ èyí tó sún mọ́ wọn. Ẹ tọ́ omi náà wò kí wọ́n tó sè é, ẹ ó ní omi ẹ̀rọ ni. Gálọ́ọ̀nù 40 omi náà ló ń di gálọ́ọ̀nù 1 sírọ́ọ̀pù. Òórùn inú ilé yẹn dà bí ìgbà tí ṣúgà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú agbada, ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ọ̀sẹ̀ kan lẹ ó fi máa gbọ́ ọ nínú kóòtù yín. Wọ́n á da èyí tó gbóná sórí yìnyín fún yín, á dì bíi súìtì tó ń fà, wọ́n á sì fún yín ní kùkúḿbà oníkíkan kẹ́ ẹ fi pa adùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Mo jẹ mẹ́ta.

Yàrá ò wọ́n lóṣù yẹn, yìnyín ṣì wà lórí òkè fún ẹni tó bá fẹ́, ọ̀nà ńlá ti mọ́. Ẹ kàn má yà sí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń ra sírọ́ọ̀pù, ẹ ó rí orúkọ mẹ́rin lára ìgò: Golden, Amber, Dark àti Very Dark. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn, kì í ṣe pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Èyí tó mọ́ jù ni àkọ́sè, adùn rẹ̀ rọ̀. Dark ni kẹ́ ẹ rà bí inú ògì lẹ ó fi sí. Màmá mi kó ìgò mẹ́ta wọ Ìbàdàn, wọ́n wé e sínú aṣọ láàárín àpótí, nítorí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọnú bàálù lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ṣí i, inú fíríìjì ni kó máa gbé.